Àyè Tí Royce Fi Sílẹ̀ Lórí Òkè Halloran

Obìnrin tí mo bá rin ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin máìlì gba ìwé àṣẹ ènìyàn méjì, ó mú ọkùnrin kan dípò mi, ó sì gun òkè ọmọ mi láìsí mi.

Ṣíbí là ń pè é. Lójú ọ̀nà gígùn yẹn, láti ibodè Mexico títí dé ti Canada, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tó bá ṣe ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n á fi sọ ọ́ lórúkọ. Òun gbàgbé ṣíbí rẹ̀ sílé, tèmi ló sì fi jẹun fún ọjọ́ mẹ́fà. Èmi ń jẹ́ Abẹ́rẹ́, nítorí mo máa ń bá wọn rán báàgì tó bá ya. Àga ọkọ̀ ni mo rán jẹ ní Nebraska fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Bí mo bá rí ojú rírán tó tú, ọwọ́ mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí, Ṣíbí sì jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. A kì í bi ara wa ní orúkọ inú káàdì ìdánimọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá béèrè, wọ́n á máa wò ó bí ọlọ́pàá.

Ṣíbí nìkan ló mọ ìdí tí mo fi ń rìn.

Ọdún méje ṣáájú ìrìn yìí ni Royce, ọmọ mi, gun Òkè Halloran. Kì í ṣe òkè tí ayé mọ̀. Ó fi máìlì mọ́kànlá jìn sí ojú ọ̀nà gígùn, ó sì di dandan kí o sùn létí adágún kan kí o tó gùn ún. Lórí rẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ òkè agbègbè náà, àpótí irin kékeré kan wà lábẹ́ òkúta, ìwé kan wà nínú àpótí náà, ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Nígbà tí Royce sọ̀ kalẹ̀, ó pè mí.

"Mọ́mì, mo fi àyè sílẹ̀ fún yín nínú ìwé yẹn. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà yí i ká. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ti ìyá mi nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ ó wá kọ ọ́ fúnra yín o."

Mo ní, "Èmi? Orókún wo ni màá fi gun òkè?"

Ó ní, "Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ yín yẹn náà ni."

Ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín lójú títì, ó kú. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

Àwọn tó ń gun Halloran kò fọwọ́ kan àyè náà. Ní ọdún méjì ṣáájú ìrìn wa, ẹnì kan gbé fọ́tò ojú ìwé yẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ àwọn ènìyàn wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ó wà lọ́tùn-ún àti lósì, àyè tèmi sì ṣófo láàárín wọn bí àga tí wọ́n pa mọ́ fún ẹni tó lọ tọ̀. Mo ṣe iṣẹ́ abẹ orókún. Mo fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n wakọ̀ dé ẹsẹ̀ òkè náà kí n sì gùn ún lọ́jọ́ méjì. Mo ní rárá. Láti ibodè ni Royce ti fi ẹsẹ̀ rìn kó tó débẹ̀. Èmi náà á fi ẹsẹ̀ rìn.

Ìwé àṣẹ ọ̀nà gígùn tí a gbé dání kò kan Halloran. Ojú ọ̀nà nìkan ló wà fún. Bí o bá yà kúrò láti lọ sùn sínú igbó ẹ̀gbẹ́, ìwé àṣẹ mìíràn nìyẹn. Àwọn tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ti gba èyí tó pọ̀ jù láti oṣù kìíní. Èyí tó kù, ènìyàn mẹ́rin péré lóòjọ́ ni, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì àwọn aṣọ́gbó ní ìlú Brandt ló ni ín. Orúkọ olórí nìkan ni wọ́n ń kọ sínú ìwé náà. Àwọn tó bá tẹ̀ lé e, iye wọn ni wọ́n ń kọ. Olórí náà gbọ́dọ̀ dúró níwájú tábìlì, kó fi káàdì rẹ̀ hàn, kó sì buwọ́ lù ú. Wọn kì í gbà á de olórí tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni a dé Brandt. A jókòó sínú ilé ìfọṣọ, aṣọ òjò nìkan ló wà lára wa, gbogbo aṣọ tó kù ń yí nínú ẹ̀rọ. Àpótí oúnjẹ wa wà ní pósọ́fíìsì ìlú Merrin, ọgbọ̀n máìlì síbẹ̀. Èmi ni mo dì í, èmi ni mo fi ránṣẹ́, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Pósọ́fíìsì yẹn kì í ṣí lọ́jọ́ Sátidé ju aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá lọ. Bí a bá pàdánù rẹ̀, ó di ọjọ́ Ajé.

Mo ní, "A ò lè wà níbi méjì."

Ṣíbí ní, "Ẹ̀yin ẹ lọ gba àpótí, Màmá. Wọn ò ní gbé e fún mi. Èmi á lọ tò ní ọ́fíìsì. Tó bá di aago mẹ́fà, mo ti wà níbẹ̀."

"Aago márùn-ún."

"Aago márùn-ún kẹ̀? Ṣé ìdìbò ni?"

"Ṣíbí."

"Mo ti gbọ́. Aago márùn-ún. Màá sùn sẹ́nu ọ̀nà wọn bí ajá."

"Tí wọ́n bá ní àyè ẹnì kan péré ló kù ńkọ́?"

Ó yíjú sí mi. Aṣọ òjò náà ń dún wọ́ọ́wọ́ lára rẹ̀. "Màá sunkún sí wọn lára títí ẹ ó fi dé. Ẹ̀yin lẹ máa lọ. Èwo lẹ tún ń bi mí síyẹn?"

"Mo kàn bi ọ́ ni."

"Ọ̀nà á pèsè, Màmá Abẹ́rẹ́."

Gbogbo arìnnà ló ń sọ gbólóhùn yẹn. Bí wọ́n bá rí omi nínú aṣálẹ̀, wọ́n á ní ọ̀nà ló pèsè. Bí ẹnì kan bá fi ọkọ̀ gbé wọn, ọ̀nà ló pèsè. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ọ̀nà kì í pèsè nǹkan kan. Ènìyàn ló ra omi yẹn, òun ló sì fi ọkọ̀ gbé e débẹ̀ nínú oòrùn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Ẹ yá mi ní bírò, wọn kì í gba pẹ́ńsù lórí fọ́ọ̀mù wọn."

Bírò kan ṣoṣo ni mo gbé. Dúdú ni, omi kì í fọ ohun tí wọ́n bá fi kọ. Mo ti dán an wò nílé lórí ìwé gbígbẹ àti ìwé tútù kí n tó dì í sínú báàgì. Ṣíbí mọ ibi tí mo ń gbé e lọ. Mo fún un.

"Ọ̀sán ọ̀la lẹ ó gbà á padà," ló wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo nawọ́ sí ọkọ̀. Bàbá kan tó kó koríko màlúù gbé mi dé Merrin. Obìnrin tó wà nídìí kàǹtà wo káàdì mi, ó wo ojú mi, ó fà sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ̀yin arìnnà, ṣé ẹ máa ń fọṣọ?"

"A fọ̀ ọ́ lánàá."

"Kò hàn."

Ó bá mi gbé àpótí náà dé ẹnu ọ̀nà. Ó wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́jọ ni fún ènìyàn méjì, pẹ̀lú súkà dídì tí Ṣíbí fẹ́ràn láti máa lá, èyí tó ní ata nínú. Mo dúró ní ẹ̀bá títì fún wákàtí kan àtààbọ̀ kí n tó rí ọkọ̀ padà. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, inú mi dùn. Mo ń ro ohun tí màá kọ. Mo fẹ́ kọ orúkọ mi, ọjọ́ oṣù, àti "orókún yẹn náà ni." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A ti fi àdéhùn sí àga gígùn tó wà níwájú ọ́fíìsì, aago kan ọ̀sán. Mo dé, kò sí Ṣíbí. Mo jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, mo bá gbé àpótí mi wọlé.

Aṣọ́gbó tó wà nídìí tábìlì jẹ́ obìnrin, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó di í ní ìdì kan ṣoṣo sẹ́yìn ọrùn.

Mo ní, "Ẹnì kejì mi gba ìwé àṣẹ Halloran láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà nítòsí."

"Orúkọ olórí?"

"Ṣíbí."

"Ti inú káàdì, Màmá."

N kò mọ orúkọ inú káàdì rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa ń bó. Mo mọ orúkọ ológbò rẹ̀.

"Ibo lẹ ti bá a rìn bọ̀?"

"Láti ibi tó tó máìlì àádọ́ta sí ibodè Mexico."

"Ẹ ò sì mọ orúkọ ẹ̀." Kò bi mí o. Ó kàn sọ ọ́ ni. Ó ti rí irú wa rí.

"Ó ga. Ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òwú pupa ni mo fi rán okùn èjìká òsì báàgì rẹ̀."

"Áà. Olówùú pupa." Ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, kò yí i sí mi. "N ò lè sọ orúkọ ẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ti lọ. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kúrò níbí."

"Kò lè ti lọ. Àwa méjì ni."

"Àwọn méjì náà ni, Màmá. Òun àti ọkùnrin onírùngbọ̀n kan. Ó so agogo mọ́ báàgì láti fi lé béárì sá."

Ẹni tí à ń pè ní Ewúrẹ́ nìyẹn. Ó ti bá Ṣíbí rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú aṣálẹ̀, wọ́n jọ ń sùn nínú àgọ́ kan, lọ́jọ́ kan ó sì dìde ṣáájú wa ó lọ láìdágbére. Èmi ni mo jókòó ti Ṣíbí lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo sè fún un.

"Ṣé ó sọ nǹkan kan sílẹ̀ fún mi?"

"Ó ní tí ìyá kan bá gbé àpótí dé, ká sọ fún un pé kó má bínú, àyè á wà lọ́la."

"Ṣé àyè á wà lọ́la?"

Aṣọ́gbó náà wo àpótí tó wà lápá mi. "Ẹ gbé e kalẹ̀ ná, Màmá. Aago mẹ́jọ la máa ń ṣí. Ẹ tètè wá."

Mo padà sórí àga gígùn náà. Mo ya àpótí. Mo pín oúnjẹ sí méjì, tèmi lọ́tùn-ún, tirẹ̀ lósì, bí a ṣe máa ń ṣe. Ìgbà tí mo dé orí súkà aláta ni mo tó mọ̀ pé inú ń bí mi. Mo ti bínú sí ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi, ọkọ mi wà nínú wọn, ṣùgbọ́n n kò bínú tó báyìí rí. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ìkùukùu ṣú lórí àwọn òkè. Mànàmáná kọ, ó tún kọ, òjò kò rọ̀.

Aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí àwọn tó tò sẹ́yìn mi títí wọ́n fi di mẹ́sàn-án. Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú, aṣọ́gbó náà jáde, ó mú ìwé kan àti gọ́ọ̀mù dání. Kò wo ojú mi. Ó lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn. Iná tí mànàmáná dá ti ràn mọ́ igbó ní ibi mẹ́ta. Wọ́n ti gbogbo apá Halloran pa.

"Títí di ìgbà wo?" ni mo bi í.

"Ó di ìgbà tí yìnyín bá rọ̀ pa iná náà, yìnyín ò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gùn ún. Ìyẹn ni pé, ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Àwọn tó wà lókè ńkọ́?"

"A ti ń kó wọn bọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ọkọ̀ wọn dé. Ṣíbí bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, èéfín ń rùn lára rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ síbùdókọ̀. Ṣíbí sáré wá sídìí àga gígùn náà.

"Màmá Abẹ́rẹ́! Ẹ gbọ́ ná, kẹ́ ẹ tó bínú..."

"Mo ti bínú tán."

"Aago méje àbọ̀ ni Ewúrẹ́ yọ sí mi lórí ìlà. Ó ń padà sílé lónìí, ibi iṣẹ́ ẹ̀ ti pè é. Ìgbà ìkẹyìn wa nìyẹn. Ènìyàn méjì péré ló kù nígbà tó kàn mí. Mo wá rò ó pé ẹ̀yin ṣáà ní àkókò, ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ lè gbà á lọ́la."

"Òkè pọ̀ níbẹ̀, Ṣíbí. Kí ló dé tó ò mú un lọ sórí òmíì?"

"Ti Halloran nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ó jókòó tì mí, ó yọ fóònù rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n n ò gbàgbé yín o. Ẹ wò ó. Ẹ kàn wò ó ná."

Mo wò ó. Ojú ìwé náà ni. Mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé Royce, ó tẹ̀ sósì bíi ti ọlọ́wọ́ òsì, pẹ́ńsù náà ti ń ṣá. *Ti ìyá mi nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀.* Ìlà tó fà yí i ká kò gún. Láàárín ìlà náà, inki dúdú, lẹ́tà ńláńlá: ABẸ́RẸ́ TI DÉ. Ó ya abẹ́rẹ́ kékeré kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi òwú sí i. Ó kún àyè náà láti etí dé etí.

"Bírò yín gan-an ni mo fi kọ ọ́, kó má baà parẹ́ láéláé," ni Ṣíbí wí. "Mo sunkún nígbà tí mò ń kọ ọ́ ní ìdájí òní. Ewúrẹ́ náà sunkún. Mo ní bí ẹ ò bá tiẹ̀ lè gùn ún mọ́, ẹ ti wà níbẹ̀."

"Ta ló sọ pé n ò lè gùn ún?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Mo kàn ní, bí..."

"Kí ni orúkọ mi?"

"Hẹ̀n?"

"Orúkọ mi. Èyí tí Royce mọ̀."

Ó ronú. Mo rí i bó ṣe ń wá a kiri lójú mi, bíi pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. "Màmá..."

"Verna ni. Verna Sedlacek."

"Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí."

Òótọ́ ni. N kò sọ ọ́ fún un rí, òun náà kò sì bi mí. Royce kò mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ Abẹ́rẹ́. Ó ti kú ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó fún mi ní orúkọ yẹn.

"Èmi ń jẹ́..." ló bẹ̀rẹ̀.

"Má sọ ọ́ fún mi."

Mo gbé oúnjẹ tirẹ̀ fún un, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú súkà aláta. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó na bírò náà sí mi. N kò gbà á. Kí ni mo fẹ́ fi í kọ? Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Brandt lọ́jọ́ kejì, mo padà sí Nebraska. Máìlì ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin ló kù lójú ọ̀nà. N kò tíì rìn ín.

Wọ́n ṣí Halloran padà ní oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà láti oṣù kìíní, mo rí ìwé àṣẹ gbà, ẹnì kan ṣoṣo, orúkọ mi gan-an ló wà lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lọ, ẹnì kan tún gbé fọ́tò ojú ìwé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nísàlẹ̀ àyè Royce, àwọn tó gùn ún ti ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. *Ìyá ẹ̀ dé! Ẹ kú oríire, Abẹ́rẹ́.* Mo ka iye wọn, wọ́n jẹ́ mọ́kànlá. Mo jẹ́ kí ọjọ́ ìwé àṣẹ náà kọjá.

Nǹkan díẹ̀ ni Royce fi sílẹ̀ fún mi. Súwẹ́tà rẹ̀, mo ti wọ̀ ọ́ gbó. Ìkòkò kọfí rẹ̀, mo lò ó títí ìdí rẹ̀ fi lu. Àyè yẹn nìkan ló kù tí n kò tíì lò. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó sì ti kún.